Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣíbí, odó: kí la lè fi gbá géèmù nínú ilé?

Tíṣà Mọ́kọ́lá

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Sátidé ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Láptọ́ọ̀pù àlòkù la ní, Scratch, ètò tí àwọn ọmọdé fi ń kọ géèmù, èyí tó ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà, sì wà lórí gbogbo wọn. Àwọn ọmọ náà ti mọ bí èèyàn ṣe ń ṣe géèmù kékeré: ológbò tó ń fo kòtò, bọ́ọ̀lù tó ń ta lára ògiri. Àfi bí wọ́n ṣe rí fídíò kan tí ẹnìkan ti ń tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí dùùrù sì ń dún. Láti ìgbà náà, wọn ò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n ní àwọn náà fẹ́ fi nǹkan inú ilé darí géèmù tí àwọn ṣe.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé dandan ni kí n ra ẹ̀rọ inú fídíò yẹn? Bí kò bá jẹ́ dandan, kí la lè rí lò níbí? Ṣé iná ò ní gbé ọmọ ọlọ́mọ? Ẹ jọ̀ọ́, owó tó wà nílẹ̀ ò ju owó rédíò àlòkù lọ. Ẹ má dárúkọ nǹkan ńláńlá fún mi.

Àdìsá Oníwáyà (Ìkẹjà)

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Ó jọ pé bọ́ọ̀dù kékeré tó ń jẹ́ Makey Makey ni wọ́n rí. Jay Silver àti Eric Rosenbaum ló ṣe é nígbà tí wọ́n wà ní MIT Media Lab, ọdún 2012 ni wọ́n sì gbé e jáde lórí Kickstarter. Kò sí idán níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà gbà pé kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n so mọ́ òun, ìyẹn ni kò ṣe nílò ètò kankan kó tó ṣiṣẹ́. Wáyà kan lọ sára ọ̀gẹ̀dẹ̀, wáyà kejì, tí wọ́n ń pè ní GND, wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbá géèmù. Tó bá ti fọwọ́ kan ọ̀gẹ̀dẹ̀, iná kékeré ti ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ gba ara òun fúnra rẹ̀ padà sí bọ́ọ̀dù, bọ́ọ̀dù á wá wí fún kọ̀ǹpútà pé wọ́n ti tẹ ọfà òkè. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ọgbọ́n wọn wà ni rẹsítọ̀ (ohun tó ń dín iná kù) 22 megaohm; megaohm kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún kiloohm. Ara èèyàn kì í jẹ́ kí iná kọjá tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ń fà á sẹ́yìn. Tí ẹ bá ra bọ́ọ̀dù lásán bíi Arduino Leonardo tàbí Pro Micro, rẹsítọ̀ tirẹ̀ wà nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n 20 sí 50 kiloohm péré ni. Ọwọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ papọ̀ lè jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún kiloohm. Bọ́ọ̀dù ò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan. Nítorí náà, ẹ fi rẹsítọ̀ 10 megaohm méjì tí ẹ so tẹ̀lé ara wọn, tàbí 22 megaohm kan tí ẹ bá rí i, sí àárín pin (ojú tí wáyà ń wọ̀) kọ̀ọ̀kan àti 5V. Ẹ má lo INPUT_PULLUP nínú kóòdù, òun ló ń tan rẹsítọ̀ inú bọ́ọ̀dù; INPUT lásán ni. Ọ̀nà yìí ló máa jẹ́ kí ó gbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, tòmátò, amọ̀ tútù, omi inú abọ́, ewé, àní ọwọ́ ẹnìkejì.

Pro Micro ni mo máa gbà yín níyànjú pé kí ẹ rà. Ọpọlọ rẹ̀, ATmega32u4, ló wà lórí Makey Makey àkọ́kọ́ náà, ó sì lè ṣe bíi kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún Arduino Uno: òun ló pọ̀ jù lọ́jà, àwọn ọlọ́jà á sì ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Kì í ṣe ọ̀kan náà. Uno R3 tó wọ́pọ̀ ò lè ṣe bíi kíbọ́ọ̀dù láìjẹ́ pé ẹ yí ètò inú rẹ̀ (firmware) padà, wàhálà ni.

Bàbá Rédíò (Abẹ́òkúta)

Mo kí gbogbo yín. Láti ayé tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dúdú àti funfun ni mo ti ń tún nǹkan ṣe. Ọ̀rọ̀ Àdìsá dáa, ṣùgbọ́n Tíṣà ti ní owó ò sí. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látibi tí owó ò sí.

Ẹ wá kíbọ́ọ̀dù USB tó ti bàjẹ́: èyí tí bọ́tìnì rẹ̀ ti yọ, tàbí tí wọ́n ti da tíì sí. Ẹ tú ìdí rẹ̀. Ẹ máa rí ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ya ilà sí lára, àti pátákó kékeré kan tí wáyà USB wọnú ẹ̀. Ọ̀rá yẹn, ẹ kó o dànù. Pátákó ni ọmọ ọba. Létí rẹ̀, eyín kéékèèké tò sí apá méjì. Tí wáyà bá so eyín kan ní apá kìíní mọ́ eyín kan ní apá kejì, lẹ́tà kan á jáde lójú kọ̀ǹpútà. Kí ẹ ṣí Notepad, kí ẹ wá máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa kọ ohun tó bá jáde sínú ìwé. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni, ẹ gbé e fún àwọn ọmọ, wọ́n á fẹ́ràn rẹ̀ ju géèmù lọ.

Nísinsìnyí, ohun tí ọ̀pọ̀ kì í sọ fún èèyàn: kíbọ́ọ̀dù ò ní GND kan ṣoṣo fún gbogbo bọ́tìnì. Méjì-méjì ni eyín ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ lo ọfà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bó ṣe wà, ẹ lè rí i pé wáyà mẹ́jọ lẹ máa fà, gbogbo rẹ̀ á sì lọ́ mọ́ra. Ẹ ṣe báyìí dípò: ẹ mú eyín kan ní apá kìíní, ẹ má ṣe yí i. Ẹ fi wáyà kan gbogbo eyín apá kejì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn lẹ́tà tó bá jáde, eyín kan náà ni gbogbo wọn jọ ń lò. Ẹ mú mẹ́rin nínú wọn, ó lè jẹ́ R, F, 4, V, ohunkóhun tó bá ṣáà jáde. Eyín àkọ́kọ́ yẹn ló máa dúró ní ipò GND. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sínú Scratch, kí ẹ yí "ọfà òkè" sí R. Géèmù tiyín ni, ta ló ní dandan ni kó jẹ́ ọfà?

Àǹfààní kejì nínú èyí: tí ọmọ mẹ́ta bá tẹ nǹkan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní sí lẹ́tà àjèjì tó máa yọjú. Kíbọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú lè mú lẹ́tà àjèjì jáde tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì mẹ́ta tí gbogbo wọn kò sí lórí ilà kan náà. Lórí ilà kan ṣoṣo, kò lè ṣẹlẹ̀.

Lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń jó wáyà ò ní mú eyín yẹn bí dúdú bá wà lójú rẹ̀. Káábọ̀nù ni. Ẹ rọra fi abẹ ha á títí kọ́pà á fi yọ, kí ẹ tó gbé sodẹ́rìn áyọ̀ọ̀nù sí i.

Ọmọ Ṣakí

Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá. Ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ṣiṣẹ́ lórí pátákó yẹn?

Bàbá Rédíò (Abẹ́òkúta)

Rárá o. Irin sí irin ni. Fóìlì sí fóìlì, ṣíbí sí ìkòkò, ìdérí kòkí sí ìdérí kòkí.

Àdìsá Oníwáyà (Ìkẹjà)

Ẹ jẹ́ kí n fi kún ọ̀rọ̀ Bàbá, nítorí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Ọ̀nà méjì ló wà, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Kíbọ́ọ̀dù àlòkù àti Pro Micro tí kò ní rẹsítọ̀ níta ń fẹ́ kí irin kan irin. Èyí tó ní megaohm lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń gbọ́ ara èèyàn àti oúnjẹ.

Èrò tèmi, tí ẹ bá bi mí: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà fún fídíò. Fún iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé tí ọmọ pọ̀ tí ìṣẹ́jú ò pọ̀, irin sí irin ló dáa jù. Ẹ wé fóìlì mọ́ ìka ìfábẹ̀là ọmọ bí òrùka tó bo orí ìka, kí ẹ so wáyà GND mọ́ ọn. Nígbà náà, ohunkóhun tó bá ní irin lójú di bọ́tìnì: ìdérí ìkòkò, agolo mílíìkì, kọ́kọ́rọ́, owó ẹyọ, ṣíbí, ilẹ̀kẹ̀ onírin, fóìlì tí ẹ lẹ̀ mọ́ páálí. Kò sí rẹsítọ̀, kò sí ọwọ́ tó gbẹ, kò sí ariwo. Mo mọ̀ pé kò ya èèyàn lẹ́nu tó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í jáni kulẹ̀.

Ìyá Alátà

Ẹ dákun, ẹ bá mi bá ara yín sọ̀rọ̀. Tòmátò tí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wọ́n bí ojú báyìí, òun lẹ fẹ́ kó fún ọmọdé kí wọ́n fi ṣeré? Nílé tèmi, ẹni tó bá fi oúnjẹ ṣeré, ilẹ̀ ló máa sùn.

Tíṣà Mọ́kọ́lá

Ẹ má bínú, Ìyá wa. Mo gbọ́. Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lọ́kàn mi, nítorí àwọn òbí kan máa wo iṣẹ́ yìí bákan náà.

Kọ́lá (Houston)

Mo gbà pẹ̀lú Ìyá Alátà, ṣùgbọ́n kò di dandan ká lo èyí tó ṣeé jẹ. Tòmátò tó ti rọ̀ tí wọ́n fẹ́ dà nù lọ́jà máa ń ṣiṣẹ́ ju èyí tó le lọ, omi pọ̀ nínú rẹ̀. Èèpo ọsàn tútù á ṣe é. Amọ̀ tí ẹ fi omi iyọ̀ pò, kó má gbẹ jù, ó dáa gan-an, àwọn ọmọ sì lè fi mọ bọ́tìnì tó bá wù wọ́n: ìjàpá, ẹja, orí ológbò. Ìyẹ̀fun tí ẹ fi iyọ̀ àti omi pò náà á ṣe é, tí Ìyá bá gbà.

Péńsù dúdú náà wà: èyí tó rọ̀, irú èyí tí wọ́n kọ 2B tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára. Ẹ fi ya ilà tó nípọn lórí bébà láti etí bébà dé àárín, kí ẹ fi wáyà mú etí rẹ̀. Ilà yẹn gbé iná. Ọmọ lè ya bọ́tìnì tirẹ̀. Ti megaohm ni èyí o, kì í ṣe ti kíbọ́ọ̀dù àlòkù.

Bọ́ọ̀dù kékeré míì tó ń jẹ́ micro:bit náà wà, BBC ló gbé e jáde, wọ́n sì pín nǹkan bíi mílíọ̀nù kan fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Britain lọ́dún 2016. Ojú P0, P1 àti P2 rẹ̀ ní rẹsítọ̀ 10 megaohm lára tẹ́lẹ̀, nítorí náà ó ń gbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n láti bá Scratch sọ̀rọ̀, ó ń fẹ́ Bluetooth àti Scratch Link, ètò tó ń so bọ́ọ̀dù pọ̀ mọ́ Scratch. Pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù àlòkù, mi ò ní gba Tíṣà níyànjú láti tọ ọ̀nà yẹn. Tí ẹnìkan bá fi ta yín lọ́rẹ, ẹ gbà á.

Gángan (Òṣogbo)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wá wáyà, kí ló dé tí ẹ kò lo etí kọ̀ǹpútà? Nínú Scratch, ní apá Sensing, búlọ́ọ̀kù kan wà tó ń jẹ́ loudness. Ó ń sọ bí ariwo tó wọ máíkì ṣe pọ̀ tó, láti 0 dé 100. "Tí loudness bá ju 40 lọ, ológbò á fò." Ó tán. Kò sí wáyà kan. Ẹ lè gún odó, kí ẹ lu ìlù, kí ẹ pàtẹ́wọ́, kí ẹ lu agolo, kí gbogbo kíláàsì hó yèè.

Odó ló dùn jù nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ méjì máa gún un ní àgúnpọ̀, kí ológbò máa fo kòtò bí ọmọ odó ṣe ń balẹ̀. Bí wọn ò bá gún un létòlétò, kòtò á gbé ológbò. Èèyàn tó ń gún iyán nílé kì í pàdánù nínú géèmù yìí. Ẹ má gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó o, ìmìtìtì á dá nǹkan sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ fàmì sí àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlọ́ọ̀kù loudness, nọ́ńbà á hàn lójú géèmù. Ẹ kọ́kọ́ wo iye tí ó jẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò pariwo, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń dún. Ẹ wá fi ààlà yín sí òkè ìyẹn. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ti gba 35, 40 ò ní tó.

Èmi onílù ni mo sọ ọ́: ó ń dùn mí pé gángan ò lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Agbára ohùn nìkan ni búlọ́ọ̀kù yẹn mọ̀, kò mọ òkè kò mọ ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí èèyàn ṣe lè ya ohùn òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn ìsàlẹ̀ láìlo íntánẹ́ẹ̀tì, kó jọ̀ọ́ kó bá mi sọ̀rọ̀.

Kọ́lá (Houston)

Gángan, ẹ kú iṣẹ́, èyí dára. Ojú kọ̀ǹpútà náà wà: ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi àfikún sí Scratch, ẹ yan Video Sensing. Kámẹ́rà á máa wo bí nǹkan ṣe ń mì. Ọmọ lè ju ìgbálẹ̀ sí ọ̀tún sí òsì. Ó ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó dáa, ẹni tó bá sì gba ẹ̀yìn kọjá á bá a gbá géèmù.

Ìyá Ìbejì (Peckham)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí látòkè. Lọ́dọ̀ tiwa kì í ṣe eré lásán. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò lágbára, páàdì géèmù tí gbogbo èèyàn ń lò ò bá a lọ́wọ́ mu. A ra Xbox Adaptive Controller, páàdì géèmù tí wọ́n ṣe fún irú wọn. Microsoft gbé e jáde ní oṣù September 2018. Ojú rẹ̀ ní bọ́tìnì ńlá méjì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní ihò jáàkì 3.5 mílímítà 19, irú èyí tí wọ́n ń ki okùn etí rédíò sí. Ihò kọ̀ọ̀kan dúró fún bọ́tìnì kan. Bọ́tìnì tí wọ́n ń tà fún un ló wọ́n. Ọ̀kan ṣoṣo lè gbówó lórí gan-an.

Èyí tí mò ń ṣe nílé rèé. Ẹ gé páálí méjì bíi ìwọ̀n ọwọ́. Ẹ lẹ fóìlì mọ́ ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá gé fóòmù pẹlẹbẹ, irú èyí tó máa ń wà lábẹ́ tímùtìmù, kí ẹ gé ihò ńlá sí àárín rẹ̀, kí ẹ fi sí àárín páálí méjèèjì, fóìlì kọjú sí fóìlì. Tí ọmọ bá gbé ọwọ́ lé e, fóìlì á gba inú ihò kan ara wọn. Tó bá gbé ọwọ́ kúrò, fóòmù á ti wọn padà. Ẹ so wáyà kan mọ́ fóìlì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ so wọ́n mọ́ orí okùn etí rédíò tó ti bàjẹ́: ọ̀kan sí ṣóńṣó, ọ̀kan sí ìdí. Ìyẹn ni bọ́tìnì. Bí ọwọ́ ọmọ ò bá wúwo, ẹ jẹ́ kí fóòmù fẹ́lẹ́ sí i, kí ihò tóbi sí i. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, ẹ jẹ́ kí fóòmù nípọn, kó má máa tẹ̀ láìmọ̀.

Tíṣà, pátákó kíbọ́ọ̀dù tí Bàbá ṣàlàyé máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú bọ́tìnì páálí yìí, nítorí irin sí irin náà ni. Tí ọmọ kan bá wà nínú kíláàsì yín tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣe bíi ti àwọn yòókù, ẹ gbé e sábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, sábẹ́ ẹsẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ orí. Ẹ bi í léèrè ibi tó rọrùn fún un. Ẹ má bá a pinnu.

Fún àwọn tó wà níhìn-ín ní UK, àjọ aláàánú SpecialEffect wà ní Oxfordshire, láti 2007 ni wọ́n ti ń ran irú àwọn ọmọ yìí lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ géèmù, wọn kì í gba owó. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó náwó.

Ìyá Alátà

Ìyá Ìbejì, Olúwa á wo ọmọ náà fún yín. Ọ̀rọ̀ yìí wá ń yé mi báyìí. Fóòmù àti fóìlì, ìyẹn ò ba oúnjẹ jẹ́.

Àdìsá Oníwáyà (Ìkẹjà)

Tíṣà bèèrè bóyá iná máa gbé ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn dáadáa, nítorí ìdáhùn méjì ló wà.

Iná tí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ń rán gba ara ọmọ, kò sí ewu níbẹ̀. 5 volt lórí 22 megaohm jẹ́ nǹkan bíi 0.23 microampere. Ọmọ ò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Ewu wà lọ́dọ̀ ṣájà. Ọ̀pọ̀ ilé wa, sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn ò ní áàsì. Tí ẹ bá ti fọwọ́ kan láptọ́ọ̀pù onírin tó wà lórí ṣájà rí, tí ó ń rìn yín lọ́wọ́ wìnnìwìnnì, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣájà ayédèrú tó bá já nínú lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ọmọ bá wá di wáyà GND mú, òun àti ṣájà ti di ọ̀kan. Nítorí náà òfin kan péré: yọ ṣájà kí ọmọ tó fọwọ́ kan wáyà. Lórí bátìrì la ti ń gbá irú géèmù yìí. Bátìrì bá kú, eré tán. Bí bátìrì láptọ́ọ̀pù àlòkù kan bá ti kú pátápátá tó fi jẹ́ pé orí ṣájà nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ẹ fi odó Gángan gbá a, ẹ má so wáyà mọ́ ọn. Ẹ má sì so ohunkóhun mọ́ nǹkan tó wà lórí iná: fíríìjì, áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù, fáànù. Ìkòkò tó wà lórí sítóòfù iná náà wà nínú rẹ̀.

Yíyọ ṣájà tún máa yanjú nǹkan míì fún ẹni tó bá lo megaohm. Wáyà gígùn tó wà lórí rẹsítọ̀ ńlá máa ń gbọ́ iná NEPA tó wà nínú ògiri, bọ́tìnì á máa tẹ ara rẹ̀. Iná tiwa ń lọ ń bọ̀ ní 50 hertz, ìyẹn ni pé ìrìn kan jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdù 20. Nínú kóòdù, ẹ má gba kíkà kan ṣoṣo gbọ́. Ẹ lo analogRead, kí ẹ kà á lọ́pọ̀ ìgbà láàárín mílísẹ́kọ́ńdù 20, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ fi iye ìgbà tí ẹ kà á pín in, kí ẹ tó pinnu bóyá wọ́n fọwọ́ kàn án. Ariwo NEPA á ti pa ara rẹ̀ rẹ́ nínú àròpọ̀. Kọ́lá, ti ibi tiyín jẹ́ 60 hertz, nítorí náà kó jẹ́ bíi mílísẹ́kọ́ńdù 17.

Nígbà ọyẹ́, awọ ara á gbẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ á kọ̀. Aṣọ tútù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tó.

Ọmọ Ṣakí

Àwa tí a ò ní láptọ́ọ̀pù ńkọ́? Fóònù nìkan ló wà lọ́wọ́ wa.

Kọ́lá (Houston)

Ojú fóònù ń mọ ìka nítorí pé ara wa ń fa iná díẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Ohunkóhun tó bá gbé iná tí ẹ sì dì mú á ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìdí ṣíbí kan ojú fóònù, ẹ máa rí i. Tí ẹ bá fẹ́ bọ́tìnì tó jìnnà sí fóònù, ẹ gé fóìlì bíi ìwọ̀n orí ìka, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí bọ́tìnì ìfò wà lójú géèmù, kí ẹ fa wáyà kan láti ibẹ̀ lọ sára ṣíbí tàbí ìdérí. Tí ẹ bá fọwọ́ kan ìdérí yẹn, fóònù á rò pé ìka yín wà lójú òun. Kí wáyà kúrú. Tó bá gùn jù, òun fúnra rẹ̀ á máa tẹ bọ́tìnì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ yọ ṣájà níhìn-ín náà, ṣájà olówó pọ́ọ́kú máa ń jẹ́ kí ojú fóònù máa ṣe ségesège.

Tí fóònù yín bá gba OTG (okùn tó ń jẹ́ kí nǹkan USB wọlé sí fóònù), pátákó kíbọ́ọ̀dù Bàbá lè wọlé sí i tààrà. Ó kù kí géèmù yín jẹ́ èyí tó gba kíbọ́ọ̀dù.

Tíṣà Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúpẹ́ gidi. A ti bẹ̀rẹ̀. A fi odó ṣí i lọ́jọ́ Sátidé, ìyá onílé sáré jáde wá wò ó, ó rò pé wọ́n ń gún iyán. Mo ti rí kíbọ́ọ̀dù àlòkù gbà lọ́wọ́ ẹni tó ní business centre nítòsí, àwọn ọmọ sì ti kọ gbogbo eyín rẹ̀ sínú ìwé.

Ohun tí wọ́n wá fẹ́ ṣe báyìí nìyí, ẹ bá mi wò ó. Ọ̀kan nínú wọn ní ká fi ọpọ́n ayò ṣe é. Ọpọ́n gidi, ihò méjìlá, kí ayò wà lójú kọ̀ǹpútà, kí èèyàn máa tọ́ka sí ihò tó fẹ́ kó nínú ọpọ́n tó wà lórí tábìlì. Ẹ̀yà ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń kọ nínú Scratch. Ṣé pátákó kíbọ́ọ̀dù gba méjìlá?

Àdìsá Oníwáyà (Ìkẹjà)

Tíṣà, ọmọ yẹn gbọ́n, ẹ bá mi kí i. Ẹ tẹ́ fóìlì sí ìdí ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mú etí rẹ̀ jáde kí wáyà lè mú un. Ẹni tó ń ta á ló máa wọ òrùka fóìlì GND sí ìka. Tó bá tọ́ ìdí ihò, kọ̀ǹpútà á mọ̀.

Ní ti iye: tí eyín kan lórí pátákó yín bá ní lẹ́tà méjìlá tó jọ ń lò ó, kò síṣòro. Tí kò bá tó, ẹ rántí pé ọ̀tá kò lè kó nínú ilé yín, ẹ̀yin náà ò lè kó nínú tirẹ̀. Mẹ́fà-mẹ́fà la nílò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ so ihò kìíní ti apá kan mọ́ ihò kìíní ti apá kejì, títí dé ìkẹfà, kí ètò Scratch fúnra rẹ̀ mọ ẹni tí ọ̀nà kàn. Lẹ́tà mẹ́fà péré, wáyà mẹ́fà. Bí ẹ bá padà ra Pro Micro, ojú 18 ló ní, ẹ lè fún ihò kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. INPUT_PULLUP ni kí ẹ lò, irin sí irin ni, ẹ ò nílò rẹsítọ̀ kankan.

Bàbá Rédíò (Abẹ́òkúta)

Ọmọ ayò gidi ńkọ́, ṣé ẹ máa kó o sínú ọpọ́n? Tí ẹ bá kó o sí i, ìka ò ní kan fóìlì.

Tíṣà Mọ́kọ́lá

Ọpọ́n òfìfo ni, Bàbá. Ojú kọ̀ǹpútà ni ọmọ ayò wà.

Bàbá Rédíò (Abẹ́òkúta)

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wáyà tí ẹ máa lò, ẹ má rà. Ẹ wá okùn íntánẹ́ẹ̀tì àlòkù, irú èyí tí wọ́n ń fà láàárín ọ́fíìsì. Wáyà mẹ́jọ ló wà nínú ọ̀kan, àwọ̀ wọn sì yàtọ̀, ẹ lè fi àwọ̀ mọ ihò. Èyí tó jẹ́ irin kan ṣoṣo nínú máa ń dá tí ọmọ bá ń fà á, nítorí náà òun ni kí ẹ lò lábẹ́ ọpọ́n níbi tí kò ti ní mì. Wáyà tí ọmọ máa wọ̀ sí ìka, ẹ mú èyí tó jẹ́ onírun wẹ́wẹ́, okùn sípíkà àlòkù ló dáa jù.

Ọmọ Ṣakí

Kíbọ́ọ̀dù tí mo rí, orí rẹ̀ rìbìtì, kì í ṣe USB. Ṣé mo lè lò ó?

Bàbá Rédíò (Abẹ́òkúta)

PS/2 nìyẹn. Ó ń fẹ́ ohun ìyípadà tó ní ọpọlọ nínú; èyí kékeré tí wọ́n kàn ń ki sí orí rẹ̀ kì í sábà ṣiṣẹ́. Fi sílẹ̀, kí o bèèrè USB lọ́wọ́ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Wọ́n máa ń kó wọn jọ sábẹ́ tábìlì.